ÌLẸ̀KẸ̀ MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN: ÌTÀN INSULIN ÀTI ÀTỌ̀GBẸ TÓ Ń ṢE ỌMỌDÉ

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín ni mo tún dé.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi mí, ó sì ti tó àkókò kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa: "Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọdé lè ní àtọ̀gbẹ? Kí ló jẹ tó fi ní in? Àbí ẹnì kan ló fi ṣe é?" Ìbéèrè yìí kọjá ohun tí a lè fi gbólóhùn méjì dáhùn. Ìtàn ló wà nídìí rẹ̀, ìtàn náà sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó gba Jámánì àti Kánádà kọjá, ó ya Gánà, ó dé Ìbàdàn, ó dé Japan, ó sì tún padà wá sí Kamẹrúùnù níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbé ìwé kékeré mọ́, kí ọmọ-ọmọ kà á sí i létí.

*ÀTỌ̀GBẸ KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN NÍLẸ̀ WA*

Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tó bá a mu: ẹni tó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Bí èèrà bá ṣù bo ibi tí èèyàn tọ̀ sí, àgbà á ti fura. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa, tí ẹ̀yin àgbà mọ̀, ni àwọn dókítà ń pè ní irú kejì. Nínú èyí, insulin wà nínú ara, àmọ́ ara kì í gbọ́ tirẹ̀ dáadáa mọ́, ìyẹn ni oògùn oníhóró fi máa ń ràn án lọ́wọ́.

Irú kìíní yàtọ̀. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló máa ń mú jù. Nínú èyí, insulin fúnra rẹ̀ ló tán nínú ara. Insulin ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, kí ara fi ṣe agbára. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀ bí ọjà tó kún bọ́ọ̀sì, nígbà tí ebi ń pa ará ilé. Ọmọ náà á máa jẹun, á sì máa rù.

*KÍ WỌ́N TÓ RÍ INSULIN*

Ní 1889, ní ìlú Strasbourg tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ pancreas kúrò nínú ajá. Ẹ̀yìn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí nínú ikùn ni ẹ̀yà ara yìí fara pamọ́ sí. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lemọ́lemọ́, nígbà tí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ pé inú pancreas ni ohun tó ń ṣàkóso ṣúgà wà.

Àmọ́ ìmọ̀ yìí kò tíì gba ọmọ kankan là. Fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n lẹ́yìn náà, ọmọ tó bá ní irú kìíní, ikú ló ń dúró dè é. Ìtọ́jú tó wà kò ju ebi lọ: dókítà á dín oúnjẹ ọmọ kù títí yóò fi ku egungun, kí ọjọ́ ikú lè sún síwájú díẹ̀.

Ní 1921, ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, Frederick Banting àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Charles Best rí ohun tó ń ti inú pancreas ajá jáde, ní ilé ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Leonard Thompson ni orúkọ rẹ̀. Ó ti rù débi pé ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bí kílò 29 lọ. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, nítorí oògùn náà kò tíì mọ́. James Collip tún un ṣe, ó sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fún ọmọ náà ní òmíràn ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Leonard gbé ayé di ẹni ọdún 26.

Nígbà tó yá, àwọn tó rí oògùn yìí ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan péré, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń ra insulin fún ọmọ yín lónìí, ẹ mọ iye tí ẹ ń san. Ó dára kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rò ó.

Àwọn Alhaja wa tún máa ń béèrè bóyá láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ni insulin ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1982 ni wọ́n ti gba insulin tó bá ti èèyàn mu wọlé ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń mú kí kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ṣe fún wọn nínú ilé iṣẹ́. Irú èyí ló pọ̀ jù ní ilé oògùn lónìí. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ ní kí apòògùn ka ara páálí rẹ̀ fún yín.

*OKÙN MÉJÌ, ÌLẸ̀KẸ̀ 51*

Wọ́n ti ń fi insulin gba ẹ̀mí là, síbẹ̀ wọn kò mọ bí ó ṣe rí. Frederick Sanger, ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1955. Bí mo bá ní kí n sọ ohun tó rí ní èdè wa, ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ẹ ro okùn ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀: okùn kìíní ní ìlẹ̀kẹ̀ 21, okùn kejì ní 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 51. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú tirẹ̀, ó sì ní àyè tó gbọ́dọ̀ wà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni ti ẹlẹ́dẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti èèyàn. Mẹ́ta ni ti màlúù fi yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ti ẹranko fi lè ṣiṣẹ́ lára wa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Lẹ́yìn Sanger ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy Hodgkin. Ó fẹ́ mọ bí àwọn okùn méjì náà ṣe ká mọ́ra. Ní 1935 ló ya àwòrán insulin àkọ́kọ́, ó sì di 1969 kó tó rí ìdáhùn. Ọdún 34 ló fi lé ohun kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin, ni Kwame Nkrumah fi ṣe olórí àkọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Gánà ní Legon. Gánà ni obìnrin yìí wà ní 1964 nígbà tí ìròyìn dé pé ó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí penicillin àti fítámì B12.

Ohun kan wà nínú ìtàn obìnrin yìí tó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni làkúrègbé ti mú un, ó sì bá ìka ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ó lọ́ ọ. Kì í ṣe làkúrègbé ti ọjọ́ ogbó o. Irú èyí tí ọmọ ogun inú ara ẹni ń fà ni, nígbà tí wọ́n bá ṣìnà tí wọ́n wá ń bá oríkèé ara jà. Ìjà irú yìí kan náà ló ń pa ilé iṣẹ́ insulin nínú ara ọmọdé, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

*NÍ ÌBÀDÀN, NÍ 1971*

Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀sùntókun ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, àwọn náà tí wọ́n fi ìwádìí hàn wá pé ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe jinná dáadáa lè ba iṣan ara jẹ́, tẹ ìwé kan jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 1971 nípa ọmọ Nàìjíríà 832 tó ní àtọ̀gbẹ. Iṣẹ́ ńlá ni fún àkókò yẹn. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ṣé kò sí ọmọdé tó ní in ni? Ó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti ilẹ̀ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí insulin tán lára rẹ̀ kì í dúró pẹ́. Bó bá ń gbóná tó ń bì, a ó ní ibà ni. Bó bá rù, a ó ní aràn ni, tàbí ọ̀tá. Ẹni tí a kò yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kó tó kú, orúkọ rẹ̀ kò lè sí nínú ìwé àwọn alátọ̀gbẹ. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ń pàdánù àwọn kan.

*TA LÓ FI ṢE É?*

Ní 1965, dókítà kan ní Belgium, Willy Gepts, yẹ pancreas àwọn 22 tí àtọ̀gbẹ pa láìpẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lára wọn wò. Nínú 15 lára wọn, ó rí i pé ọmọ ogun ara ti ya bo ibi tí insulin ti ń jáde, bí èèrùn tó ya bo ẹran. Àwọn ọmọ ogun yìí ni Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti pa kòkòrò àìsàn. Kí ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀?

Ní 1974, ní London, Gian Franco Bottazzo, Deborah Doniach àti ẹlẹgbẹ́ wọn rí àmì ìjà náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Antibody ni wọ́n ń pe àmì yìí, ó dà bí ẹsẹ̀ tí ọmọ ogun fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní 1983, ní Amẹ́ríkà, Jerry Palmer àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí òmíràn tó yani lẹ́nu: insulin gan-an ni àwọn ọmọ ogun kan ń dojú kọ, nínú ara àwọn tí wọn kò tíì gba abẹ́rẹ́ insulin rí. Ìyẹn ni pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló fa ìjà náà. Insulin tí ara fúnra rẹ̀ ṣe ni ara ń bá jà.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀yin àgbà sì tún máa ń sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilé kì í ṣe yàrá ìyàálé. Kì í ṣe ilé ìyá ọkọ, kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò. Ara ọmọ náà ni ilé. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìyá fún un ní mínírà dídùn tàbí bisikíìtì jù. Ohun dídùn ní ewu tirẹ̀, ó ń ba eyín jẹ́, ó sì ń mú ni sanra, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń fa irú kìíní. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé ní ọwọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́: bí Táyé bá ní in, kì í ṣe dandan kí Kẹ́hìndé ní in, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìmumu.

*ÌLẸ̀KẸ̀ MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN*

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ti ń ṣe wá láǹfààní. Ní 1980, àwọn onímọ̀ ní Japan kéde irú èkúté kan tí àtọ̀gbẹ máa ń mú fúnra rẹ̀, bí ó ṣe ń mú ọmọdé. Èkúté yìí fún ayé láǹfààní láti wo ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Denver, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1994 sí 1996, Dale Wegmann àti Dylan Daniel kó àwọn ọmọ ogun tó wà nínú pancreas èkúté wọ̀nyí, wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n ń lé. Kì í ṣe gbogbo insulin. Apá kékeré kan lórí okùn kejì ni, láti orí ìlẹ̀kẹ̀ ìkẹsàn-án títí dé ìkẹtàlélógún. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. B9-23 ni wọ́n ń pe gígé ìlẹ̀kẹ̀ náà, lẹ́tà B náà sì dúró fún okùn kejì. Nígbà tí wọ́n ṣe é lọ́tọ̀, tí wọ́n sì fún èkúté ní díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èkúté náà kò ní àtọ̀gbẹ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí a mú àlejò kan tí ajá ń gbó wọlé ní pẹ̀lẹ́tù, tí ajá wá mọ òórùn rẹ̀, tó sì dákẹ́.

Ní 2005, Maki Nakayama àti George Eisenbarth, ní Denver náà, ṣe ohun tó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Wọ́n mú èkúté tí wọ́n ti yí ìlẹ̀kẹ̀ ìkẹrìndínlógún padà sí irú mìíràn nínú insulin rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo. Insulin náà ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ ogun kò dá a mọ̀ mọ́, èkúté náà kò sì ní àtọ̀gbẹ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2001, àwọn mìíràn ti rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tó ní irú kìíní, àwọn ọmọ ogun tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí wà.

Ẹ lè rò ó bí inú àwọn onímọ̀ ṣe dùn tó. Bí a bá lè fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí tu àwọn ọmọ ogun nínú, a kò ní fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ lójoojúmọ́ mọ́.

*ÈKÚTÉ KÌ Í ṢE ÈÈYÀN*

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹbí alátọ̀gbẹ tó lé ní 84,000 wò, wọ́n ṣa àwọn tí àmì ìjà ti wà lára wọn, wọ́n sì ń fún àwọn kan ní insulin díẹ̀díẹ̀ kí àìsàn tó dé. Èsì jáde ní 2002: kò dá a dúró. Wọ́n fi insulin sínú hóró tí èèyàn ń gbé mì. Ní 2005, èsì fi hàn pé kò dá a dúró láàárín gbogbo àwọn tó lò ó. Ilé iṣẹ́ kan wá ṣe irú ìlẹ̀kẹ̀ B9-23 kan tí wọ́n yí díẹ̀ lára rẹ̀ padà, wọ́n sọ ọ́ ní NBI-6024, wọ́n sì ń fi í gún àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ní 2009, wọ́n kéde pé insulin tó kù lára wọn ń tán lọ bíi ti àwọn tí kò gbà á.

Ọ̀nà mìíràn ló kọ́kọ́ so èso díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ teplizumab, tó ń dá àwọn ọmọ ogun ara dúró fúngbà díẹ̀. Nínú ìwádìí, ó sún ìgbà tí àìsàn náà máa fara hàn síwájú ní bí ọdún méjì. Ó sún un síwájú ni, kò mú un kúrò. Owó rẹ̀ sì ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí àwọn tó ń polówó àgbo àti ọṣẹ pé àwọn ti rí ohun tó ń wo àtọ̀gbẹ ọmọdé pátápátá. Àwọn onímọ̀ tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ná owó rẹpẹtẹ, wọ́n dán an wò, nígbà tí kò sì ṣiṣẹ́, wọ́n jáde sọ fún gbogbo ayé pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀ danfo, ta ló yẹ tirẹ̀ wò?

*ÀWỌN ỌMỌ TIWA*

Apá tó kàn wá jù nìyí. Ní 2025, dókítà ọmọ Kamẹrúùnù kan, Jean Claude Katte, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Kamẹrúùnù, Uganda àti South Africa. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ 894 tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n ní irú kìíní ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún wọn, 65 ni kò ní àmì ìjà ọmọ ogun ara kankan nínú ẹ̀jẹ̀. Insulin kéré lára wọn lóòótọ́, síbẹ̀ wọn kò ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun tí wọ́n rí ní London ní 1974. Bóyá ohun mìíràn ló ń ba pancreas wọn jẹ́. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n rí àwọn kan tó rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀nà méjì ni èyí gbà kàn wá. Èkíní, bí wọ́n bá rí oògùn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́la, ó lè jẹ́ pé kò ní bá ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà mu, nítorí ìjà tí oògùn náà fẹ́ parí lè má sí lára wọn. Nítorí náà a nílò ìwádìí tiwa, lára àwọn ọmọ tiwa. Ó ṣeé ṣe. Nínú ìwádìí àtọ̀gbẹ irú kejì tí Charles Rotimi àti Adebowale Adeyemo wà lára àwọn tó darí rẹ̀, ó lé ní 5,000 èèyàn láti Nàìjíríà, Gánà àti Kenya tó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀, ní 2019 sì ni wọ́n rí ohun àjogúnbá kan tí wọn kò rí láàárín òyìnbó. Bí àwọn onímọ̀ láti LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí láti NIMR ní Yaba bá wá bá ẹgbẹ́ yín pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí, ẹ bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má fi ìbẹ̀rù lé wọn. Ohun tí a kò bá fi ẹ̀jẹ̀ wa wádìí, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọn óò fi wádìí rẹ̀ fún wa.

Èkejì ṣe pàtàkì jù. Bí àmì ìjà kò bá sí lára ọmọ yín, ìyẹn kò sọ pé kò nílò insulin o! Àwọn ọmọ 894 yẹn, insulin ni wọ́n ń lò. Ohun yòówù tó dáná sun ilé, omi ni a fi ń pa á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá insulin ọmọ dúró láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

*OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN PÉ KÍ Ẹ ṢE*

1. Bí ọmọ bá ń mu omi jù, tó ń tọ̀ jù, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti fi sílẹ̀, tó ń jẹun síbẹ̀ tó ń rù, tó rẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìka ni wọ́n á gún, ìṣẹ́jú kan kò pé tí èsì á fi jáde. Bí ó bá tó 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn àmì wọ̀nyí, àtọ̀gbẹ ni, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn: LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù.

2. Bí ó bá ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà, tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, ẹ má dúró de ọkọ, ẹ má dúró de àárọ̀. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni.

3. Bí wọ́n bá ní ibà ni ọmọ ní, tí wọ́n sì fẹ́ so omi mọ́ ọn lápá, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ná." Omi ṣúgà lára ọmọ tí ṣúgà ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dá kún ìṣòro rẹ̀.

4. Àdúrà dára, ààwẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Insulin kò bá àdúrà jà. Ọmọ tó ń gba insulin kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ sọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn.

5. Nípa iná mànàmáná tí kì í dúró: igo insulin tí ẹ kò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, àmọ́ kó má dì. Bí fíríìjì kò bá sí, ẹ fi ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, ẹ máa bu omi sí iyanrìn náà, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé. Ní 2021, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières pẹ̀lú Yunifásítì Geneva gbé èsì jáde lórí bí ooru ṣe rí ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílùú ní Kenya: láàárín ìwọ̀n ooru 25 sí 37, insulin tí wọ́n yẹ̀ wò kò bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ má da insulin nù nítorí pé iná lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn yín léèrè lórí irú èyí tí ọmọ yín ń lò.

6. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin tó ń dá àjọ, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣúgà kan fún ẹgbẹ́. Ẹrọ kan ní ilé ìyálóde àdúgbò lè gba ọmọ là ní òru.

Èyí tó kù jẹ́ ti ẹ̀yin àgbà ìdílé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹrù rẹ̀ ti wúwo tó. Ó ń ka oúnjẹ, ó ń gún abẹ́rẹ́, ó ń jí lóru wo èémí ọmọ. Ẹ má fi ẹ̀sùn kún un. Bí àwọn ará ilé bá pé jọ tí wọ́n ń wá ẹni tó fi ṣe é, ẹ̀yin ni kí ẹ dìde sọ fún wọn pé a ti wádìí rẹ̀ fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì sí orúkọ ìyá ọmọ kankan nínú ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí insulin oṣù yìí jẹ́, kí ẹ sì dá owó sí i.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí mọ́ṣáláṣí, sí ẹgbẹ́ àwọn òbí ilé ìwé. Ẹni tí kò lè kà á, ẹ fi ohùn ka á sí i.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ire o.